Mẹ́rìndínlógún Ó Lé Ẹyọ Kan: Ìtàn Òǹkà 65,537 àti Ẹ̀kọ́ Òǹkà Yorùbá ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìfáárà

Ẹ̀kọ́ òǹkà Yorùbá ti di ẹrù tí àwọn olùkọ́ ń tì sí ara wọn lọ́rùn. Olùkọ́ ìṣirò a ní iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni. Olùkọ́ Yorùbá náà a ní ohunkóhun tí ó bá ti jẹ mọ́ ìṣirò, kí a gbé e tọ àwọn oníṣirò lọ. Láàrin àwọn méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń jìyà rẹ̀. Ní agbègbè Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n tí a ti ń ṣiṣẹ́, kò ṣòro láti rí ọmọ tí ó lè ka owó dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí yóò kọsẹ̀ bí a bá ní kí ó ka mẹ́tàdínlógún ní èdè ìyá rẹ̀. Ìdáhùn tí a sì máa ń gbọ́ ni pé òǹkà Yorùbá le jù, pé ó wà fún ọjà àti owó ẹyọ, pé kò lè bá ìmọ̀ ìṣirò òde òní rìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú kíláàsì nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà èdè wa báyìí kò gbọdọ̀ fi ariwo ẹnu nìkan ṣe é. Ó yẹ kí ó lè fi iṣẹ́ hàn, kódà níbi tí àwọn ènìyàn rò pé èdè náà kò lè dé.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ mú òǹkà kan ṣoṣo, èyíinì ni 65,537, kí a sì tọpa ìtàn rẹ̀. A mú òǹkà yìí nítorí pé ó gbajúmọ̀ láàrin àwọn onímọ̀ ìṣirò àgbáyé, àti nítorí pé ọ̀nà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gba orí ikin Ifá kọjá, ó gba orí ìtàdógún kọjá, ó sì kan orúkọ Ajerò àti Alárá.

Ohun tí òǹkà àìṣeépín jẹ́

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ní lọ́kàn. Bí a bá ní èso obì méjìlá, a lè pín in dọ́gba fún ènìyàn méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mẹ́tàlá ni, kò sí bí a ṣe lè pín in dọ́gba láìṣẹ́kù, àfi kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀ tàbí kí ènìyàn mẹ́tàlá mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Irú òǹkà báyìí, tí ó ju ọ̀kan lọ, tí kò sì sí òǹkà mìíràn tí ó lè pín in dọ́gba yàtọ̀ sí ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀, ni a ó máa pè ní òǹkà àìṣeépín nínú àpilẹ̀kọ yìí. 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 wà lára wọn.

Euclid, ará Gíríìkì, ti fi hàn ní nǹkan bí 300 ọdún kí a tó bí Jésù pé irú òǹkà báyìí kò lópin. Ohun tí ó ṣòro ni pé kí ènìyàn mú òǹkà ńlá kan, kí ó sì mọ̀ dájú bóyá ó ṣeé pín tàbí kò ṣeé pín. Bí òǹkà bá ti ń tóbi sí i ni iṣẹ́ náà ń le sí i.

Ajerò, Alárá àti ikin mẹ́rìndínlógún

Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò jẹ́ àlejò sí òǹkà mẹ́rìndínlógún. Ọba aládé mẹ́rìndínlógún ni Samuel Johnson kà fún Èkìtì nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ajerò ti Ìjerò wà lára mẹ́rin tí ó fi ṣe aṣáájú wọn, Alárá àti Aláayè ti Ẹ̀fọ̀n sì wà nínú ìyókù. Ṣùgbọ́n ibi tí mẹ́rìndínlógún ti fi ìdí múlẹ̀ jù lọ ni inú Ifá.

Ìtàn kan wà nínú odù Ìwòrì Méjì tí Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1976. Ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí, gbogbo wọn ni ó sì di ọba. Alárá ni àkọ́bí, Ajerò ni ó tẹ̀ lé e, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí Ọ̀rúnmìlà ń ṣe ọdún, àwọn ọmọ yòókù kí i bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n Ọlọ́wọ̀ kọ̀, ó ní bí bàbá òun ti dé adé ni òun náà dé adé. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó padà sí ọ̀run, ayé sì dàrú. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bọ̀ wá sílé, kò bọ̀ mọ́. Ikin mẹ́rìndínlógún ni ó fún wọn kí wọ́n máa fi bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun. Nípa báyìí, nínú ìtàn Ifá fúnra rẹ̀, Alárá àti Ajerò wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ikin.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ikin ṣe ń ṣiṣẹ́. Babaláwo a kó ikin mẹ́rìndínlógún sí ọwọ́ kan, a sì fi ọwọ́ kejì gbá a lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ṣẹ́ku ọ̀kan, yóò tẹ ojú méjì sí inú ìyẹ̀rosùn. Bí ó bá ṣẹ́ku méjì, yóò tẹ ojú kan. Bí kò bá ṣẹ́ku rárá, tàbí tí èyí tí ó ṣẹ́kù ju méjì lọ, kò ní tẹ nǹkan kan, yóò tún un gbá. Yóò ṣe èyí títí tí ojú ìtẹ̀ yóò fi pé mẹ́jọ, mẹ́rin ní ọ̀tún àti mẹ́rin ní òsì.

Ọ̀nà méjì péré ni ojú ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà jáde. Ojú kan fún wa ní ọ̀nà 2, ojú méjì fún wa ní 4, ojú mẹ́ta ní 8, ojú mẹ́rin ní 16. Ìdí nìyí tí apá kan odù fi ní oríṣi mẹ́rìndínlógún. Bí a bá so apá ọ̀tún pọ̀ mọ́ apá òsì, 16 ní ọ̀nà 16 ni, èyí sì jẹ́ 256, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ni ojú odù, òjìlúgba ni ọmọ odù. Bí babaláwo bá sì dá Ifá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀nà tí odù àkọ́kọ́ àti èkejì lè gbà tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ 256 ní ọ̀nà 256. Iye rẹ̀ ni 65,536. Òǹkà tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ fi ẹyọ kan péré ju èyí lọ.

William Bascom, tí ó ṣe ìwádìí Ifá ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1969, mẹ́nu ba ikin kẹtàdínlógún kan tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀, tí a kì í gbá pọ̀ mọ́ ìyókù. Olórí ikin ni wọ́n ń pè é. Mẹ́rìndínlógún ni ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọrún, ìsán àti ìtàdógún

Ẹyọ kan tí a fi lé yìí tún wà nínú bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n a kì í pe ìpàdà rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin. Ọrún ni a ń pè é, nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí a parí sí pọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, àwa sì ń pè é ní ìsán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, àwa sì ń pè é ní ìtàdógún, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ń fi ìtàdógún pàdé, àwọn babaláwo náà sì ń fi í bọ Ifá.

Bí a bá to àwọn òǹkà wọ̀nyí, 5, 9 àti 17 ni a ní. Ìlọ́po méjì kọ̀ọ̀kan, ni a fi ẹyọ kan lé: 4 àti 1, 8 àti 1, 16 àti 1. Ẹ wò ó dáadáa. 5 kò ṣeé pín, 17 kò ṣeé pín, ṣùgbọ́n 9 ṣeé pín sí mẹ́ta mẹ́ta. Kí ló dé tí ìsán fi yàtọ̀ sí ọrún àti ìtàdógún? Ìbéèrè yìí ni ẹnì kan ní ilẹ̀ Faransé dá lóhùn ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, láìmọ ohun tí ó ń jẹ́ ìsán.

Fermat, Goldbach àti Euler

Pierre de Fermat kì í ṣe olùkọ́ ìṣirò. Amòfin ni, ní ìlú Toulouse. Ìṣirò ni ó fi ń ṣe fàájì, lẹ́tà ni ó sì fi ń sọ ohun tí ó bá rí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bí a bá mú ẹyọ kan, tí a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì léraléra, tí a wá fi ẹyọ kan lé e, iye ìgbà tí a ṣe ìlọ́po náà ni ó ń pinnu ohun tí a ó rí. Bí a bá lè fi òǹkà tí kì í ṣe eéjì-eéjì, bí 3 tàbí 5, pín iye ìgbà náà dọ́gba, èsì wa yóò ṣeé pín dandan. Ìgbà mẹ́ta ni a ṣe ìlọ́po kí a tó dé 8, nítorí náà 9 ṣeé pín. Bí a bá ṣe é ní ìgbà mẹ́fà, a ó dé 64, 65 sì jẹ́ 5 ní ọ̀nà 13. Bí a bá ṣe é ní ìgbà méjìlá, a ó dé 4,096, 4,097 sì jẹ́ 17 ní ọ̀nà 241. Ìgbà kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, méjìlélọ́gbọ̀n nìkan ni ó bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Àwọn òǹkà tí a ó rí níbẹ̀ ni 3, 5, 17, 257, 65,537 àti 4,294,967,297.

Ní ọdún 1640, Fermat kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun gbà pé gbogbo òǹkà tí ó wà ní ọ̀wọ́ yìí ni kò ṣeé pín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ọ̀nà láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ bí ó ti wí. Ẹ̀kẹfà ni ó di wàhálà, nítorí pé ó ju àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ, agbára káká ni ẹnikẹ́ni ìgbà náà fi lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìparí ọdún 1729, Christian Goldbach béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Leonhard Euler, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Euler kò kọ́kọ́ kà á sí. Nígbà tí ó wá tẹra mọ́ ọn, ó rí i ní ọdún 1732 pé 641 pín 4,294,967,297 dọ́gba sí ọ̀nà 6,700,417, kò sì ṣẹ́ku nǹkan kan. Ohun tí Fermat gbà gbọ́ fún odidi ìgbésí ayé rẹ̀ wó lulẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún àwa olùkọ́. Àpẹẹrẹ márùn-ún kò tó láti sọ pé ohun kan rí bẹ́ẹ̀ títí láé. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó rí ẹ̀kẹfà tí kò ṣeé pín. Láti orí òǹkà Euler yìí, àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n tí ó tẹ̀ léra ni a ti fi hàn pé wọ́n ṣeé pín. 65,537 ni ó ṣì jẹ́ èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn tí a mọ̀.

Bí a ṣe lè yẹ 65,537 wò pẹ̀lú bírò àti ìwé

Ẹnìkan lè béèrè pé báwo ni a ṣe mọ̀ dájú pé 65,537 kò ṣeé pín. Kò pọn dandan kí a gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Èkíní, bí òǹkà kan bá ṣeé pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò lè ju ibi tí òǹkà náà ti di ìlọ́po ara rẹ̀ lọ. A ti rí i pé 256 ní ọ̀nà 256 jẹ́ 65,536. Nítorí náà, bí 65,537 bá ní òǹkà àìṣeépín tí ó lè pín in, ọ̀kan nínú wọn kò ní ju 256 lọ. Òǹkà àìṣeépín mẹ́rìnléláàádọ́ta ni ó wà láti 2 dé 256. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín in.

Èkejì, a lè dín iṣẹ́ náà kù. Goldbach kíyè sí i pé bí a bá sọ àwọn òǹkà Fermat di púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ó kàn máa ń fi méjì péré ju èsì rẹ̀ lọ. 3 ní ọ̀nà 5 jẹ́ 15, méjì dín ní 17. 15 ní ọ̀nà 17 jẹ́ 255, méjì dín ní 257. 255 ní ọ̀nà 257 jẹ́ 65,535, méjì dín ní 65,537. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá fi 3, 5, 17 tàbí 257 pín 65,537, yóò ṣẹ́ku méjì nígbà gbogbo.

Ẹ̀kẹta, Euler fi hàn, Édouard Lucas ará Faransé sì tún un ṣe ní ọdún 1878, pé kì í ṣe òǹkà gbogbo ni ó lè pín irú àwọn òǹkà wọ̀nyí. Fún 65,537, àfi èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po 64 tí a fi ẹyọ kan lé. Irú rẹ̀ tí kò ju 256 lọ kò ju mẹ́ta lọ: 65, 129 àti 193. 65 jẹ́ 5 ní ọ̀nà 13, 129 jẹ́ 3 ní ọ̀nà 43, nítorí náà a lè fi wọ́n sílẹ̀. Ó ku 193 nìkan. 193 ní ọ̀nà 339 jẹ́ 65,427, ó sì ṣẹ́ku 110. Kò pín in dọ́gba. Iṣẹ́ parí: 65,537 kò ṣeé pín.

Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni Euler fi mú ẹ̀kẹfà. Àwọn òǹkà àìṣeépín tí ó jẹ́ ìlọ́po 64 tí a fi ẹyọ kan lé ni 193, 257, 449, 577 àti 641. Ẹ̀karùn-ún nínú wọn ni ó já sí i.

Onígun mẹ́tàdínlógún

Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lẹ́yìn Euler, ó dà bí ẹni pé àwọn òǹkà yìí kò wúlò fún ohun kan. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta ọdún 1796, Carl Friedrich Gauss ará Jámánì, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, rí i pé a lè fi rúlà tí kò ní àmì àti kọ́ńpáàsì nìkan ya àwòrán onígun mẹ́tàdínlógún tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Láti ìgbà àwọn ará Gíríìkì ni a ti mọ bí a ṣe ń ya onígun mẹ́ta àti onígun márùn-ún. Kò sí ẹni tí ó ronú pé onígun mẹ́tàdínlógún ṣeé ṣe. Gauss fi hàn pé òǹkà Fermat tí kò ṣeé pín ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn náà, Pierre Wantzel sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1837 pé kò sí òǹkà àìṣeépín mìíràn tí ó lè ṣí i lẹ́yìn 2.

Richelot ya onígun 257 ní ọdún 1832. Johann Gustav Hermes lo ọdún mẹ́wàá lórí onígun 65,537, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1894. Àpótí ìwé rẹ̀ wà ní Yunifásítì Göttingen.

Bí a ṣe ń pe àwọn òǹkà wọ̀nyí ní Yorùbá

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa gan-an wà. Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn òǹkà Fermat láti ìtàdógún lọ sókè:

17 ni mẹ́tàdínlógún.
257 ni igba ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
65,537 ni ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹgbàajì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, ó lé mẹ́tàdínlógójì.

Òǹkà tí Euler wó náà, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Kí ló dé tí "mẹ́tàdín" fi wà nínú gbogbo wọn? Ìdí rẹ̀ ni pé 6 ní ọ̀nà 6 jẹ́ 36. Òǹkà tí 6 bá gbẹ̀yìn rẹ̀, bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, 6 ni yóò tún gbẹ̀yìn rẹ̀. 16 bí 256, 256 bí 65,536, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí a bá wá fi ẹyọ kan lé e, 7 ni yóò máa gbẹ̀yìn. Yorùbá kì í ti ìsàlẹ̀ ka 7 lórí òǹkà. Òkè ni ó ti ń wò ó, tí ó ń yọ mẹ́ta kúrò. Ẹni tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kà á yóò pe 7 lásán. Ẹni tí ó ń fi Yorùbá kà á yóò gbọ́ iye tí ó kù kí ó pé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìpè 65,537 tí a kọ sókè yìí jẹ́ ìdíjú lásán. Owó ẹyọ ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S., tẹ àlàyé jáde lórí òǹkà Yorùbá ní ọdún 1887. Ó ṣàlàyé bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ ṣe ń fa márùn-ún márùn-ún jọ títí yóò fi di ogún, tí ogún ogún yóò sì fi di igba. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó kún àpò kan, àpò yìí ni a ń pè ní ọ̀kẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé "ọ̀kẹ́ mẹ́ta" ń rí àpò mẹ́ta tí ó dúró, ẹgbàá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti ẹgbẹ̀jọ tí a ti yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ìpè náà jẹ́ àpèjúwe iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe. Àròpọ̀, àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ní ìhà kejì pẹ̀lú. Bí a bá dé 4,294,967,297, ọ̀kẹ́ kò tún lè rù ú nírọ̀rùn. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni a fi ń pe mílíọ̀nù, lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a gba bílíọ̀nù wọlé bí a ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èdè tí ó ń yá ọ̀rọ̀ kò kú. Èyí tí a kò fi ṣiṣẹ́ mọ́ ni ó ń kú.

65,537 lóde òní

Ní ọdún 1977, Rivest, Shamir àti Adleman ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ọ̀nà kan láti fi òǹkà ńlá ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ àṣírí. Nínú ọ̀nà yìí, a máa ń sọ òǹkà kan di púpọ̀ ní ọ̀nà ara rẹ̀ léraléra, iye ìgbà tí àwọn ènìyàn sì yàn jù lọ ni 65,537. Lọ́pọ̀ ìgbà tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé-ìfowópamọ́ tí òun ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ti gbájúẹ̀, òǹkà yìí wà nídìí iṣẹ́ náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi yàn án? Bí a bá fẹ́ sọ òǹkà kan di púpọ̀ báyìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó ṣe ìsọdipúpọ̀ 65,536 ìgbà. Ṣùgbọ́n a lè sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, kí a tún sọ èsì náà di ìlọ́po ara rẹ̀, bí 16 ṣe bí 256. Ìgbà mẹ́rìndínlógún péré ni a ó ṣe é, a ó sì fi òǹkà àkọ́kọ́ sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ni ó dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún: mẹ́rìndínlógún, ó lé ẹyọ kan.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn pé babaláwo ni ó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà, tàbí pé àwọn baba wa ti mọ òǹkà Fermat kí a tó bí i. Ifá kò béèrè bóyá 257 ṣeé pín. Iṣẹ́ mìíràn ni ó ń fi òǹkà ṣe. Ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ìlọ́po méjì tí ó wà nínú ikin àti èyí tí ó wà nínú ìṣirò Fermat jẹ́ ọ̀kan náà, àti pé ọmọ tí ó bá ti lóye ọ̀kan ti dé ìdajì ọ̀nà èkejì.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Kì í ṣe àlá ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ ìṣirò. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé St Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ àmójútó Babs Fáfúnwá, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò. Ní ọdún 1984 ni apá kìíní ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìṣirò kò sí ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìhà wa. Adégòkè Olúbùmmọ̀ tí a bí ní Orin-Èkìtì ní ọdún 1923 gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní ọdún 1955, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tí a ń pè ní baba ìmọ̀ ìṣirò òde òní ní Nàìjíríà.

Àbá mẹ́ta ni a ní. Àkọ́kọ́, kí olùkọ́ Yorùbá má ṣe fi ẹ̀kọ́ òǹkà mọ sí kíkọ́ sórí. Kí ó fún àwọn ọmọ ní òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rìndínlógún, kí wọ́n gbá a, kí wọ́n tẹ ojú mẹ́rin, kí wọ́n sì ka iye àwòrán tí ó lè jáde. Ẹ̀kọ́ kíkà ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ Mùsùlùmí lè ṣe é. Èkejì, kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ ìṣirò jọ kọ́ni ní ẹ̀ẹ̀kan péré ní sáà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan yóò pe òǹkà, èkejì yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹta, kí a máa béèrè ìdí nínú ìdánwò wa. Dípò "Kọ 17 ní Yorùbá", kí a béèrè pé "Kí ló dé tí ìtàdógún fi jẹ́ mẹ́tàdínlógún nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún?" Ọmọ tí ó bá dáhùn èyí ti ronú.

Ìkádìí

A ti tọpa 65,537 láti inú lẹ́tà amòfin ará Faransé dé inú fóònù tí a ń lò lónìí, a sì ti rí i pé kò sí ibì kan lójú ọ̀nà náà tí Yorùbá kò ti lè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ìjọba lè fọwọ́ sí ìlànà èdè, ó sì lè fagi lé e. Èyí kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni ìṣẹ́jú ogójì tí a fún wa ní kíláàsì. Bí ọmọ Ìjerò bá jáde níbẹ̀ tí kò lè ka mẹ́tàdínlógún, kì í ṣe òǹkà Yorùbá ni ó le jù. Àwa ni a kò kọ́ ọ.